Ohun Tí Mo Fọ́n Sórí Ebè Ẹ̀gbọ́n Bàbá Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n mi láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Mo ti gbé e jẹun, mo ti gbé e sùn, mo ti gbé e dúró láàárín àwọn akọrin nínú ilé ìjọsìn, tí mo ń la ẹnu gbàgà bí ẹni tí kò fi nǹkan kan pamọ́ síbẹ̀. Èrò mi ni pé màá gbé e wọ sàréè ni, kí ilẹ̀ bò ó mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, ilé ìwòsàn yóò dá ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú egungun ìbàdí tó kán, kò sì ní ibi tí yóò lọ, nítorí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tó ń gbé wà, kò sì lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù pé kí a gbà á sílé, ìwọ ọmọkùnrin mi sọ pé, "Ilé wo? Ilé tó ti fẹ́ fi májèlé pa bàbá wa?" Ìwọ ọmọbìnrin mi ní, "Mọ́mì, àánú yín ti pọ̀ jù. Kí wọ́n wá ibòmíràn fún wọn." Ẹ pè mí ní aláàánú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó, mo ń wo ọwọ́ ara mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò fi nǹkan kan sínú oúnjẹ bàbá yín. Májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló ti wá.

Ẹ ó rántí bí ẹ̀yìnkùlé wa ṣe rí nígbà náà. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka kan erùpẹ̀. Yàrá mẹ́ta tiwa wà ní apá kan, yàrá kan ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín wà ní apá kejì, ẹ̀yìnkùlé yẹn àti ilé ìdáná ló pa wá pọ̀. Èmi kì í pe orúkọ rẹ̀, òun ló tọ́ bàbá yín dàgbà kí n tó mọ ọ̀nà ilé wọn. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́, nítorí bí ó bá rẹ́rìn-ín, inú ẹni tó ń bínú á rọ̀ láìmọ ìgbà tó rọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó wí fún bàbá yín pé, "Káfíńtà, gbogbo pákó tó ń jẹrà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì rẹ yẹn, ṣé o fẹ́ fi wọ́n jogún fún ikán ni? Kan ebè fún wa." Bàbá yín rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kan ebè?" Àmọ́ ó kàn án. Mẹ́rin ni, bí àpótí tí kò ní ìdérí, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ibùsùn ọmọdé, ó ga dé orúnkún, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn má baà máa tẹ̀ jù. Ó lu ihò sí ìsàlẹ̀ wọn kí omi lè máa jò, ó sì fi bíríkì gbé wọn kúrò lórí sìmẹ́ńtì. Méjì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, méjì fún èmi. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ yan tèmi. Mo yan méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kí n má baà máa ru omi jìnnà. N kò gbé ojú sókè rárá. Ògiri aládùúgbò ga níbẹ̀. Bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ bá ti lù, òjìji rẹ̀ á bọ́ sórí ebè mi, kò sì ní kúrò mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojúkòkòrò omi ni mo fi pàdánù oòrùn.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà! Èmi tí mo ya gbòǹgbò àti ewé sí ojú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ fún ogún ọdún, tí mo ń fi pàṣán tọ́ka sí oòrùn! Ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò kọjá ìwé mẹ́fà, ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ló ti ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n ebè tirẹ̀ ń yọ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó tẹ́ páálí sí ìsàlẹ̀, ó kó ewé gbígbẹ lé e, ó kó èèpo àlùbọ́sà àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wá da erùpẹ̀ dúdú bò ó. Kì í fi ìgbẹ́ adìẹ tutù sí i. Inú àpò ló ń gbé e sí fún oṣù mẹ́ta, ó ní bí kò bá tíì jẹrà tán, jíjó ló ń jó gbòǹgbò. Tètè wà níbẹ̀, efinrin wà níbẹ̀, tòmátì, àlùbọ́sà eléwé, àti míńtì tó ń ta òórùn dé ẹnu ọ̀nà ìta. Sátidé nìkan ló sì máa ń já ewé. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́rú, á ní, "Rárá o, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ewé tí wọ́n bá ń já lójoojúmọ́, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hù." Ẹ rántí òfin Sátidé yẹn dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni mo gbé ìwà ibi mi lé. Ó máa ń gbé ọmọ irúgbìn wá fún mi, á ní, "Ìyàwó wa, gbin ìwọ̀nyí, wọ́n gbójú." Màá dúpẹ́, màá gbìn wọ́n, màá sì mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé láti bomi rin wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló mú ebè mi hù.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn inú dé bá bàbá yín. Ẹ kéré, a kò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Oúnjẹ kọ̀ ọ́ lọ́fun. Bí mo bá se é báyìí, á tọ́ ọ wò, á gbé ṣíbí sílẹ̀, á ní, "Ó dùn, ìyàwó mi, inú mi ni kò gbà." Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi ewé ebè rẹ̀ se ọbẹ̀ tó ṣàn, á jẹ abọ́ kan, á tún lá ṣíbí. Sátidé di ọjọ́ àjọ̀dún nínú ilé wa. Èyí tó bá sè ní Sátidé, á gbé e sínú fíríìjì, díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa mú un gbóná títí á fi tán. Télọ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á wọlé, á wo abọ́ òfìfo náà, á ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Bí kì í bá ṣe ti obìnrin yìí, ọkùnrin yìí ìbá ti sọnù." Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń fọ aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ wà níbẹ̀ tí mo dúró. Èmi ni mo ń gbé e, tí mo ń nù ún, tí mo ń mú un lọ sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn a máa yin ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń yin ọṣẹ. Ẹ má fi èyí dá mi láre. Mo ń sọ bí iná ṣe ràn ni, n kò sọ pé iná náà jàre.

Ní Sátidé kan, mo dúró sí ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo ń wò ó bí ó ṣe ń já ewé. Ó gbé míńtì sí imú, ó rẹ́rìn-ín, ó rí mi, ó sì pariwo pé, "Ìyàwó wa, ebè tìrẹ yìí, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni? Sọ fún un kó ṣínu!" Àwàdà ni. Bàbá yín gbọ́ ọ lórí ibùsùn, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan sì já nínú mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko, mo ní mo fẹ́ oògùn apakoríko. Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Màmá, ẹ má retí kó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Ewé ló máa gbà wọlé, á rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ẹ ó rí i tó máa pọ́n. Kó tó dìgbà yẹn, ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ènìyàn tàbí ẹran fẹnu kan ohunkóhun tó bá bà lé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pé n kò mọ̀, ẹ sọ fún un pé mo mọ̀.

Mo ti rò ó. Bí mo bá fọ́n ọn ní ọjọ́ Ajé, tí Sátidé bá fi dé, ewé náà ti kú, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ já. N kò fẹ́ pa ènìyàn. Iyì ni mo fẹ́ pa. Mo fẹ́ kí Sátidé kan dé, kí ó jáde pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, kí ó rí ebè tó kú, kí bàbá yín sì wá jẹ nínú ìkòkò tèmi nítorí kò sí òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ti lọ sí ilé ìwé, ó ti lọ sí ibi iṣẹ́, bàbá yín ń tòògbé. Mo po oògùn náà sínú ike tí a fi ń fọ́n omi sí aṣọ kí a tó lọ̀ ọ́. Ike kan náà tí mo fi ń lọ aṣọ ilé ìwé yín. Mo fọ́n ọn sórí tètè, mo fọ́n ọn sórí efinrin, mo fọ́n ọn sórí míńtì. Wọ́n ń dán bí ewé tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí. Wọn kò tíì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá bọ́ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn láti lọ gba oògùn bàbá yín, nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa nìyẹn.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Aago méjì ọ̀sán kọjá kí n tó dé. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òórùn ọbẹ̀ ló pàdé mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ti aládùúgbò ni. Mo wo ebè. Wọ́n ti já orí tètè, ojú ibi tí wọ́n ti já a ṣì ń ṣe omi. Àpò oògùn bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín jókòó sí etí ibùsùn, ó ti fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, abọ́ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbé ojú sókè kó tó kí mi. "Ìyàwó wa, káàbọ̀. Ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́ ní ilé ìwé, wọ́n ní ká máa lọ. Mo bá Káfíńtà lórí ibùsùn, ó ní ebi ń pa òun, ọbẹ̀ Sátidé sì ti tán nínú fíríìjì. Ni mo bá rú òfin Sátidé lónìí. Ewé náà á dárí jì mí." Bàbá yín ti la ẹnu fún ṣíbí àkọ́kọ́. Láàárín ṣíbí àti ètè rẹ̀, kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Mo fò, mo gbá ọwọ́ rẹ̀. Abọ́ náà yí dànù, ọbẹ̀ gbígbóná tú sórí ìtẹ́dìí, ó tú sí itan ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ó ké. Nígbà tó gbé ojú sókè wò mí, kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà á, nítorí mi. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́, ìyàwó wa? Kí ló wà níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run kì í tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn láìkọ́kọ́ ṣí i. Ìbéèrè yẹn ni ilẹ̀kùn tèmi. Gbólóhùn kan péré ló kù: "Mo fọ́n oògùn sí i." Mo yíjú, mo sì rí ẹ̀yin méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn yín. Ojú yín fún mi lọ́rùn bí okùn. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá yín pé, "Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi! Mo gba ojú fèrèsé rí yín tí ẹ ń da nǹkan sínú ìkòkò!" Ó ní, "Kí ni mo dà?" Mo ní, "Nǹkan funfun." Ó ní, "Iyọ̀ ni." Mo ní, "Iyọ̀ kọ́!" Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú, "Ìyàwó wa, iyọ̀ ni." Bàbá yín wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi?" Bẹ́ẹ̀ péré. Ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ọbẹ̀ jó. Ó ní, "Kò burú. Ó kù nínú ìkòkò. Màá jẹ ẹ́ lójú gbogbo yín." Ó sì ń lọ sí ilé ìdáná. Ẹ fojú inú wò ó: bí ó bá jẹ ẹ́, ó lè kú, bí mo bá ní kó má jẹ ẹ́, irọ́ mi kú. Mo sáré ṣáájú rẹ̀, mo gbé ìkòkò náà, mo dà á sí gọ́tà, ooru rẹ̀ bó mi ní ìka. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Bí ó bá dá ọ lójú pé májèlé ni mo sè, kí ló dé tí o kò jẹ́ kí n jẹ ẹ́?" Nínú gbogbo àdúgbò yẹn, òun nìkan ló bi mí ní ìbéèrè yẹn. Télọ̀ tó sáré wọlé nígbà tó gbọ́ ariwo ló dá a lóhùn: "Kí ọmọ ọlọ́mọ má baà tọ́ ọ wò ni!" Ọ̀rọ̀ télọ̀ ló gbà mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ebè náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ní Sátidé, ó ti dùbúlẹ̀. Télọ̀ mú ènìyàn mẹ́rin wá wò ó, ó ní, "Ẹ wò ó! Ohun tó ń bù sínú oúnjẹ ló ti kán sílẹ̀ níbí. Ilẹ̀ kì í purọ́." Mo kàn nu ojú mi pẹ̀lú etí aṣọ, wọ́n sì rò pé ẹkún ni. Kí oṣù tó tán, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ti ń se oúnjẹ ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Ìyá, a kò fi ẹ̀sùn kàn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹun níbí." Ó padà wálé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó jókòó sórí bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tó kú náà, ó ń fi ìka tú erùpẹ̀ rẹ̀ wò, ó ń gbé e sí imú. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo lè ṣí fèrèsé yẹn. Bàbá yín kò jẹ nǹkan kan láti ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tèmi kò sì kọjá lọ́fun rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò rí i gbà. Bàbá yín ló pàdánù rẹ̀. Ó ń rù lójú mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wá dúró sí ìta fèrèsé, nítorí mo ti ní kó má wọlé, á ní, "Káfíńtà, ṣé o ti jẹun?" Bàbá yín á kọ ojú sí ògiri.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni. Ọ̀sán ni, oòrùn wọ yàrá títí dé orí ibùsùn. Bàbá yín ní kí n jókòó. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ káfíńtà tó ti di ọwọ́ ọmọdé. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ó dá ọ lójú pé o rí i? Ẹ̀gbọ́n mi ló ta aṣọ ara rẹ̀ kó tó lè ra ayùn àkọ́kọ́ fún mi. Bí kò bá dá ọ lójú, sọ ọ́. N kò ní bínú sí ọ. Mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ ni." Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin náà ti dárí jì mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ̀ mí, mo rò pé ó ti fura; ọ̀nà ló ń là fún mi. Kò sí ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí télọ̀, kò sí ẹni tí màá tijú fún. Mo ní, "Ó dá mi lójú." Ó ní, "Ó dáa." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dún lójú fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n tì í pa. Mo tì í. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Gbogbo ohun tó kù tí mo ṣe, ẹ lè pè é ní owú, ẹ lè pè é ní ìbẹ̀rù. Èyí, ẹ má wá orúkọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, àpò kan péré, ẹ̀yin kò sì kí i pé ó dàbọ̀ nítorí mo ti kọ́ yín láti má kí i. Mo kó erùpẹ̀ inú ebè méjèèjì dànù, mo kó tuntun sí i. Ibẹ̀ ni oòrùn wà. Ohun tí mo gbìn hù. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń wá gba ọmọ irúgbìn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọwọ́ mi tutù, wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọge bí a ṣe ń gbin ewébẹ̀ sínú àpótí. Mo kọ́ wọn. Mo dúró níwájú wọn nínú aṣọ mímọ́, mo sì ń fún wọn ní ìmọ̀ tí mo jí wò láti ojú fèrèsé.

Ní àná tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní ilé ìwòsàn. Ó ti di kékeré lórí ibùsùn, n kò tètè dá a mọ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa," bí ẹni pé àná la rí ara wa. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ike aṣọ lílọ̀ títí dé "Ó dá mi lójú." Nígbà tí mo parí, ó ń wo àjà. Ó ní, "Ìgbẹ́ adìẹ ni mo rò." Mo ní kí ló wí. Ó ní, "Mo rò pé mo ti da àpò tí kò tíì jẹrà pọ̀ mọ́ èyí tó ti jẹrà. Mo ní bóyá òun ló jó gbòǹgbò, bóyá ewé náà ti gba nǹkan burúkú sára kí n tó sè é, tí o sì rí nǹkan tí ojú mi kò rí. Mo ní bóyá èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ ìyá mi láìmọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbin ewé kan. Ọwọ́ ara mi ń bà mí lẹ́rù." Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó fún un ní oògùn, ó tún jáde. Ó wá bi mí, "Káfíńtà mọ̀?" Mo ní, "Kò mọ̀." Ó ní, "Ó gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó kọ ojú sí ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ní, láìwo ẹ̀yìn, "Dìde. Ilẹ̀ ibí tutù, orúnkún rẹ kò dára láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Má fi ẹkún gba ìdáríjì lọ́wọ́ mi, n kò ní in lọ́wọ́ lónìí. Níwájú àwọn ọmọ lo ti sọ ọ́. Níwájú wọn ni kí o ti kó o jẹ. Lọ."

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Mo ti dà á kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún télọ̀, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ tó lé e, bí ẹni tó lé e bá ṣì wà láyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá bá a pàdé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, n kò ní òwe kan láti pa fún yín ju èyí lọ: irọ́ kì í tóbi lọ́jọ́ tí a bí i. Lọ́jọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ pa á, nígbà tí abọ́ ṣì wà nílẹ̀ tí ọbẹ̀ ṣì gbóná, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì yín pa. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Mo ti rí ohun tó ń pa ènìyàn. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣe èyí tó bá wà lọ́kàn yín sí mi, mo gbà. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí a wá mú un. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Mo ti kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá ńlá tó kọjú sí oòrùn, mo ti tẹ́ ibùsùn tuntun síbẹ̀. Yàrá kékeré ti tó mi, bí òun náà bá sì ní òun kò fẹ́ gbóhùn mi nínú ilé, ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbọ́. Ẹ gbé e jẹ́jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn mọ́tò bá sì ṣí níwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níwájú, kí ó má jẹ́ ojú tèmi ni yóò kọ́kọ́ rí.